John Snow: Dókítà tí kì í fi àkọsílẹ̀ ṣeré

Àwọn tó mọ orúkọ Dókítà John Snow láàárín wa, ọ̀rọ̀ onígbáméjì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Òun ló tọpasẹ̀ àrùn náà dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1854, tí ìjọba àdúgbò fi yọ irin tí wọ́n fi ń fa omi náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń jẹ kọ́ nìyẹn o. Iṣẹ́ kíkun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ló ń ṣe, ìyẹn gan-an ni mo sì fẹ́ sọ lónìí.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 1813 ni wọ́n bí i ní ìlú York. Lébìrà ni bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn kan ní Newcastle. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1836, ó sì gboyè dókítà ní 1844. Kò fẹ́yàwó títí tó fi kú.

Oṣù kejìlá 1846 ni wọ́n kọ́kọ́ lo oògùn akunilóorun tí wọ́n ń pè ní ether ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tó ti gbòde ní Amẹ́ríkà. Aláìsàn á fà á símú, á sùn, wọn á gé ohun tí wọ́n fẹ́ gé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹnì kan, kì í ṣiṣẹ́ lára ẹlòmíràn. Snow ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wọn iye ether tó máa ń wọnú afẹ́fẹ́ nígbà tó bá tutù àti nígbà tó bá móoru, ó rí i pé ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ló bá ṣe ẹ̀rọ ìfàsímú tó ń jókòó sínú omi, kí ìwọ̀n ooru rẹ̀ má baà máa yí padà. Kí 1847 tó parí, ìwé rẹ̀ lórí ether ti jáde.

Lọ́dún yẹn kan náà ni chloroform dé láti Edinburgh. Èyí rọrùn: ẹ dà á sórí áńkáṣíìfù, ó parí. Àmọ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1848, ọmọbìnrin ọdún 15 kan kú nítòsí Newcastle níbi tí wọ́n ti fẹ́ yọ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Èékánná ẹsẹ̀ lásán! Ariwo ta. Snow bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irú ikú bẹ́ẹ̀ jọ, ó kó 50 jọ sínú ìwé rẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe lo oògùn náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ohun tó kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, bóyá ọkàn ni àbí èémí. Ó ní oògùn tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń mí sínú ló ń pa wọ́n, nítorí áńkáṣíìfù ò ní òṣùwọ̀n.

Ẹ sì wò ó, ẹni tó bá ka òkú nìkan ò tíì mọ nǹkan kan. Àwa oníròyìn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: a óò kọ iye tó kú, a ò ní kọ àwọn mélòó ni wọ́n kú láàárín wọn. Snow ń kọ gbogbo aláìsàn tó bá kùn lóorun sílẹ̀, ẹni tó yè àtẹni tó kú. Ìwé náà ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù dòní. Ọbabìnrin Victoria wà níbẹ̀, tó fún ní chloroform nígbà tó ń rọbí ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, 1853.

Ibi tó wú mi lórí jù ni ti amylene. Òun fúnra rẹ̀ ló mú oògùn yìí wá ní ìparí 1856, torí kì í sábà mú èèyàn bì. Ó ti yìn ín níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lò ó fún èèyàn 238, méjì kú. Méjì péré, àwọn kan á ní kò tó nǹkan, àgàgà tó bá jẹ́ àwọn ló mú oògùn wá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti fún ní chloroform, ó mọ ohun tí méjì nínú 238 túmọ̀ sí. Ó tẹ ikú méjèèjì jáde fáráyé, ó sì pa amylene tì.

Irú ìṣirò yìí ló gbé lọ sídìí onígbáméjì. Ó ka òkú nínú ilé tí ilé iṣẹ́ omi méjì ń fún lómi: 315 nínú ilé 10,000 lọ́dọ̀ ọ̀kan, 37 lọ́dọ̀ èkejì.

Ìwé rẹ̀ lórí chloroform ló ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó kú ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, 1858, lẹ́ni ọdún 45. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Benjamin Ward Richardson, ló bá a gbé ìwé náà jáde lọ́dún yẹn. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet, kéde ikú rẹ̀ ní ṣókí. Wọ́n dárúkọ chloroform. Wọn ò dárúkọ onígbáméjì rárá.