Àlùfáà Akọrin: Ìgbésí Ayé Josiah Jesse Ransome-Kútì

Nígbàkígbà tí ìwé ìrántí àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa bá yí kàn, àṣà wa ni láti mú ẹnìkan nínú àwọn àgbà tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa, kí a sì sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa àti ẹ̀yin òbí. Ní ọdún yìí, a kò rìn jìnnà kí a tó rí ẹni náà. Mọ́wé, Ìbafọ̀ àti Ifọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń wá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé agbègbè Sunren àti Ifọ̀ yìí kan náà ni akéwì àti olórin ńlá kan ti ṣe iṣẹ́ àlùfáà ní ìgbà tí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá nínú igbó. Ẹni náà ni Josiah Jesse Ransome-Kútì.

Ìgbẹ̀in ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1855. Ìlú Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ kò tíì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ nígbà náà, nítorí 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ. Ìhìnrere sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni: ọdún 1846 ni Townsend, Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìdí iṣẹ́ ìjọ C.M.S. múlẹ̀ níbẹ̀. Bàbá ọmọ náà, Likoye Kútì, jẹ́ ahunṣọ, ó sì mọ orin àti ohun èlò orin ìbílẹ̀ dáadáa. Kò fẹ́ ẹ̀sìn tuntun náà rárá. Ìyá rẹ̀, Anne Ekidan, ni ó gbà á, tí ó sì dúró lórí rẹ̀. Ilé tí ọmọ yìí dàgbà sí jẹ́ ilé tí ọkọ ń fà síwájú tí aya ń fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin tí ó kọ nígbà tí ó dàgbà yóò mọ̀ pé kò sí èyí tí ó pàdánù nínú àwọn méjèèjì: ìgbàgbọ́ ìyá ni ọ̀rọ̀ orin náà, etí bàbá ni ó fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Èrò tiwa nìyí, a kò sì rí ìdí tí a ó fi yí i padà.

Ìgbà èwe rẹ̀ kì í ṣe ìgbà ìrọ̀rùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey tún kọlu Abẹ́òkúta ní 1864. Ọmọ ọdún méjìlá ni ní ọdún 1867, nígbà tí rògbòdìyàn Ifọ́lé ṣẹlẹ̀, tí àwọn ará ìlú wó ilé ìsìn, tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Ìdí abájọ ni pé àwọn Ẹ̀gbá ti ń fura sí ìjọba òyìnbó ní Èkó, wọ́n sì rò pé àwọn míṣọ́nnárì ni ojú àti etí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ìbéèrè kan ń dúró de gbogbo onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta: ṣé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn jẹ́ ọmọ Kristi kí ó sì tún jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá gidi? Ìbéèrè yìí ni Ransome-Kútì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dáhùn.

Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ti C.M.S. ní Abẹ́òkúta, ó sì lọ sí ti Èkó ní 1871. Ó padà wá ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Peter ní Aké. Ní 1879 ó lọ sí Èkó láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní ilé ẹ̀kọ́ C.M.S. Ní 1882 ó gbé Bertha Anny Erinade Olúbí ní ìyàwó.

Ibi tí a fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orin, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà. Àwọn tí wọ́n mú ìhìnrere wá túmọ̀ orin àwọn òyìnbó sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn tí àwọn òyìnbó ń lò kọ ọ́. Kò sí àbùkù nínú ìgbàgbọ́ wọn, ṣùgbọ́n èdè wa kò gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lérí. Lẹ́nu wa, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Bí orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí ń kọrin ń pe ohun tí kò ní lọ́kàn. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wí títí wọn yóò fi ka ìwé. Ẹni tí kò sì mọ̀wé ńkọ́?

Ransome-Kútì yí i padà. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ohùn orin sì tẹ̀ lé e bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu. Ó mú orin tí àwọn ará ilé ń kọ, orin tí etí ti mọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ sí i. Nígbà tí ó di kátíkísì ní Gbágùrá ní 1891, ibẹ̀ ni ó ti dá ìjọ sílẹ̀, orin sì ni ó fi ń pe àwọn ènìyàn. Ẹni tí kò ní fẹ́ gbọ́ ìwàásù yóò dúró gbọ́ orin. Bí ó bá sì ti gbọ́ orin, ó ti gbọ́ ìwàásù náà. Àwọn kan nínú ìjọ lè rò pé orin ìbílẹ̀ kò yẹ ilé Ọlọ́run. Lónìí, a ń kọ orin irú èyí ní gbogbo ìjọ, a sì ti gbàgbé pé ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ dá a láṣà.

Wọ́n fi í jẹ díákónì ní 1895, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní 1897. Ní àkókò yìí ni ó ṣe àbójútó agbègbè Sunren àti Ifọ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ní Ifọ̀, ẹ wo ojú irin tí ó gba ìlú yín kọjá: ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń tẹ́ ẹ láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Bí ojú irin ti ń mú òwò àti àlejò wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà yìí ń ti abúlé dé abúlé pẹ̀lú Bíbélì àti orin. Ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun, tí a bí ní 1891, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé Sunren. Ọmọ abúlé náà ni ó wá di ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, tí ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Láti 1902 sí 1906, wọ́n tún fi bàbá ṣe adájọ́ agbègbè.

Ní 1911 ó di olùṣọ́-àgùntàn ní St. Peter, Aké. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò dára fún àwọn Ẹ̀gbá. Ní 1914 ìjọba aládàáni tí wọ́n ń fi yangàn parí. Ní ọdún kan náà ni ìbọn dún ní Ìjẹmọ̀. Ní 1918 ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀ nítorí owó orí, àwọn ènìyàn sì hú ojú irin. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, orin tí a fi ohùn Ẹ̀gbá kọ kì í ṣe ohun ìdárayá lásán. Ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ohun kan ṣì kù tí ó jẹ́ tiwọn. Inú ìdílé yìí kan náà sì ni orin ìwúrí tí gbogbo Ẹ̀gbá ń kọ títí di òní ti jáde.

Ọdún 1922 ni ọdún ńlá rẹ̀. Wọ́n fi í jẹ Kánọ̀n ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, ó sì kọ orin sínú àwo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ilé iṣẹ́ Zonophone: orin mẹ́tàlélógójì ní èdè Yorùbá. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Kò sí maikirofóònù tí ń lo iná mànàmáná nínú iṣẹ́ àwo nígbà náà. Ẹnu fèrè ńlá kan ni olórin ń kọrin sí, ojú àwo kan kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àwọn àwo náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a gba orin Yorùbá sí.

Ó sùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1930. Isaac Délànọ̀ kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní 1942. Ó máa ń ya àwọn ọmọ wa lẹ́nu láti gbọ́ pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fẹlá, àti pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pẹ̀lú jẹ́ ara ìdílé náà láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Kí a má fi pamọ́ fún yín: a mọ ilé ẹ̀kọ́ kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá láàárín ọgbà. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà, nítorí ìgbà kan wà tí orin Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú ìsìn òwúrọ̀ wa. Ní sáà tí ó kọjá, a jẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn orin 1922 náà láti inú fóònù. Ohùn náà ń han bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ṣáká. Kí a tó béèrè ohunkóhun, ọmọbìnrin kan tí ó ti Ifọ̀ wá ti ń gbè é. Ó ní ìyá àgbà òun máa ń kọ ọ́ bí wọ́n bá ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, òun kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ni ó kọ ọ́.