Orúkọ Borromeo àti Ẹni Mímọ́ tí ó Jẹ́ Ẹ

Láti ọdún 1954 tí ihò àpáta Ìyá wa ti Arigbo ti wà, àwa ará Dassa mọ ẹni tí à ń pè ní arìnrìn-àjò mímọ́. Òun gan-an ni ó wà nínú orúkọ Borromeo, tí àwọn ọmọ wa kan ń jẹ́ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Ítálì àtijọ́, romeo ni ẹni tí ó lọ jọ́sìn ní Róòmù. Buon romeo, arìnrìn-àjò rere, ni ó di Borromeo.

Charles, tí a bí ní Arona ní 1538, kàn jogún orúkọ náà ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Póòpù Pius Kẹrin, fi í jẹ Kádínà ní 1560, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún péré. A kò ní fi í pamọ́: ojúsàájú ẹbí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ Milan ní 1576, tí àwọn ọlọ́lá sá lọ, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà yìí dúró. Ó fi aṣọ ìkélé ààfin rẹ̀ ran ẹ̀wù fún àwọn tálákà. Ó rìn káàkiri ìlú láìwọ bàtà, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, ó ń bẹ Ọlọ́run. Ní 1578 ó fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́rin lọ sí Turin, láti júbà Aṣọ Ìsìnkú Olúwa.

Ó kú ní 1584. Ìjọ kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní 1610. Báyìí ni orúkọ ìdílé kan ṣe di orúkọ ìtẹ̀bọmi títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ni àjọ̀dún rẹ̀, òun sì ni alágbàwí àwa olùkọ́ katikísìmù.