Abíọ́lá: Ọmọ Ẹ̀gbá tó ta igi ìdáná kó tó ní bàálù

Lára àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ti papò dà, bóyá la fi lè rí ẹni tí òwò rẹ̀ gba orí ilẹ̀, tó gba orí omi, tó tún gba ojú òfurufú bíi ti Olóyè Moshood Káṣìmáawòó Ọláwálé Abíọ́lá. Ìbò June 12 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ lè má mọ̀ pé oníṣòwò ni ọkùnrin yìí kó tó di ẹni tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó ní iléeṣẹ́ epo, ó sì ní iléeṣẹ́ bàálù tirẹ̀, Concord Airlines. Ibi tí ọrọ̀ náà ti wọlé, ìyẹn ọ̀dọ̀ ìjọba, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dínà mọ́ ọn.

Gbágùrá, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1937. Sàláwù ni bàbá rẹ̀, Zuliat Wúràọlá ni ìyá rẹ̀. Ọmọ kẹtàlélógún ni lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́ tó dúró, àwọn méjìlélógún tó ṣáájú rẹ̀ kò gbélé ayé. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí náà láti sọ ọ́ lórúkọ tó nítumọ̀ ayọ̀, ni wọ́n bá pè é ní Káṣìmáawòó, bóyá yóò dúró, bóyá òun náà yóò lọ. Ó di ọmọ ọdún 15 kí wọ́n tó fún un lórúkọ Moshood. Ẹ̀yin àgbà mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ ohun tó máa ń wà lọ́kàn ìyá tó bá ń pè é.

Nǹkan kò rọgbọ fún bàbá náà. Òwò kòkó tó ń ṣe dẹnu kọlẹ̀, ara rẹ̀ sì ti ń dara àgbà. Nígbà tí Moshood fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ló ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù lọ sínú igbó, á ṣẹ́ igi ìdáná, á tà á, kó tó gba ilé ìwé lọ. Owó igi yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà bàbá àti àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 15, ó dá ẹgbẹ́ onílù sílẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lóde àríyá. Nígbà tí orúkọ wọn wá ń ràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, owó náà ló sì fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní Baptist Boys' High School, l'Abẹ́òkúta níbẹ̀. Mùsùlùmí ni o, ilé ìwé Onítẹ̀bọmi ló sì lọ. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn ilé ìwé náà, tí wọ́n ń pè ní The Trumpeter. Ẹni tó ṣe igbákejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó padà di olórí orílẹ̀-èdè yìí.

Ọdún 1956 ló jáde níbẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ akọ̀wé ní báǹkì Barclays, n'Íbàdàn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kọjá sí iléeṣẹ́ tó ń yáni lówó fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kó tó sọdá sí Glasgow, lórílẹ̀-èdè Scotland, láti kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó. Ipò kìn-ín-ní ló fi jáde ní yunifásítì níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ṣe àkáńtáǹtì ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, ó tún ṣe é ní Pfizer tó ń ṣe oògùn. Ìparí àwọn ọdún 1960 ló wá bọ́ sí ITT, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Gbèsè ló là á. Iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà jẹ ITT lówó púpọ̀, àwọn òyìnbó sì ti gbà á títí kò bọ́ sí i. Abíọ́lá dé, ó ní òun yóò gba owó náà. Ọ̀gá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn ológun nígbà náà ni Murtala Muhammed, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọkùnrin náà le. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà, ṣe ni Abíọ́lá wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, tí àwọn méjèèjì sì gbé e gbóná fún ara wọn, tí ariwo wọn ta sí àwọn ọ̀gá ológun mìíràn létí. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n san gbèsè náà. Láti ìgbà náà ni ITT ti mọ irú ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ó di alága ẹ̀ka wọn ní Nàìjíríà, ó di alájọni pẹ̀lú wọn, ó sì tún di igbákejì ààrẹ iléeṣẹ́ náà fún gbogbo Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Murtala náà di olórí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1975, wọ́n sì pa á lọ́dún 1976. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ní Ìkẹjà kan náà tí Abíọ́lá wá kọ́lé sí, tó sì tún gbé iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀ sí.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yìn ín. Owó tẹlifóònù ìjọba wọlé fún ITT, ṣùgbọ́n tẹlifóònù kò dún nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí òun náà jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, kọ orin kan tó fi sọ ìtumọ̀ mìíràn fún lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ITT, ó sì dárúkọ Abíọ́lá àti Ọbásanjọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí téèyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ta ló jèrè nínú iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún aládàáni?

Abíọ́lá kò dúró sórí tẹlifóònù. Ó dá oko sílẹ̀, ó ṣe búrẹ́dì, ó ta ìwé, ó ní iléeṣẹ́ tó ń tẹ àwo orin. Ọdún 1980 ló gbé ìwé ìròyìn National Concord jáde, ti Yorùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ Ìṣọ̀kan. Ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ló wà nígbà náà, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì gbéjà ko Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gidi lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Màrókò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò tètè dárí ìyẹn jì í. Ní 1982, nígbà tó rí i pé NPN kò ní í jẹ́ kóun du ipò ààrẹ, ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ní ti ojú òfurufú, Nigeria Airways tí í ṣe tìjọba ló ti ń dá jẹ gàba láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọdún 1980 ni àwọn aládàáni bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa, bíi Kabo Air ní Kánò àti Okada Air tí Olóyè Gabriel Igbinedion ti Bìní dá sílẹ̀ ní 1983. Concord Airlines ti Abíọ́lá náà wà láàárín wọn. Kì í ṣe òwò tí ọ̀lẹ ń ṣe. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra bàálù, dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀, náírà sì ni èrò fi ń san owó ọkọ̀. Lọ́dún 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Nígbà tó fi máa di 1993, ó ti lé ní 20 náírà kéèyàn tó rí dọ́là kan. Lójú pé èyí le, ohun kan tún wà tó jù ú lọ: bàálù kò lè gbéra nílẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo tí Summit Oil rẹ̀ ń wá, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi Africa Ocean Lines. Àfi kéèyàn máa bá àwọn tó wà nípò ṣọ̀rẹ́. Abíọ́lá mọ ìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, tó gba ìjọba ní 1985, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni.

L'Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Abiola Babes, ló gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ẹni tó bá ti gbọ́jú lé e lọ́jọ́ wọ̀nyẹn mọ bí ìlú ṣe máa ń rí. Ó ń kọ́ mọ́ṣáláṣí, ó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ́ ilé ìwé, láti Gúúsù dé Òkè Ọya, oyè sì ń wọlé láti ibi gbogbo. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1988, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹrìnlá. Olóyè S. L. Akíntọ́lá tí wọ́n pa ní 1966 ló jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀. Kò sí Kakaǹfò tí kì í rógun, gbogbo Yorùbá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ogun náà ti ń súnmọ́lé. Ní 1992, ìwé ìròyìn African Concord kọ ohun tí kò dùn mọ́ Babangida nínú, ìjọba sì fi kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo iléeṣẹ́ Concord. Abíọ́lá ṣe ohun tí oníṣòwò máa ń ṣe, ó tọrọ àforíjì. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, Báyọ̀ Ọ̀nánúgà, kọ̀ láti bẹ̀bẹ̀, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn kan. Wọ́n ṣí iléeṣẹ́ náà padà. Ẹni tó bá rí Abíọ́lá lọ́jọ́ náà kò ní í rò pé ọkùnrin yìí kan náà ni yóò kọ̀ láti bẹ ìjọba ní ọdún méjì sí i.

Lọ́jọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993, ó dupò ààrẹ lábẹ́ SDP. Ó ní ìbò 8,341,309, Bashir Tofa ti NRC ní 5,952,087. Kódà ní Kánò, tí í ṣe ìlú Tofa, Abíọ́lá ló wọlé. Lọ́jọ́ 23 oṣù yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fagi lé ìbò náà. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n gbé ìjọba fìdí-hẹ́ fún Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn, ọ̀gá àgbà UAC tẹ́lẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá bíi ti Abíọ́lá. Ara ò rọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá lásìkò náà, torí ọmọ wa ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ wa náà ni wọ́n sì gbé e fún. Lọ́jọ́ 25, oṣù kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin já bàálù Nigeria Airways tó ń lọ sí Abuja láti Èkó gbà, wọ́n sì gbé e dé Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger. Wọ́n ní kí ìjọba Ṣónẹ́kàn kógbá wọlé. Ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ bàálù náà kú nígbà táwọn agbófinró ya wọ inú rẹ̀. Oṣù kọkànlá ni Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba.

Lọ́jọ́ 11, oṣù kẹfà, ọdún 1994, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, l'Ékòó, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n gbé e. Ìjọba tún ti Concord pa. Òwò tí olówó rẹ̀ wà látìmọ́lé, tí ìjọba sì dojú kọ, ta ló fẹ́ bá a dà á? Gbogbo ohun tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó jọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Wọ́n ní kó jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbò kó máa lọ sílé rẹ̀, ó kọ̀. Ní 4 oṣù kẹfà, ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù, ìyàwó rẹ̀, l'Ékòó. Síbẹ̀, kò yí ohùn padà.

Abacha kú lọ́jọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1998. Àwọn èèyàn ti ń retí pé Abíọ́lá yóò dé. Ní 7 oṣù keje, níwájú àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà tó wá bá a sọ̀rọ̀ ní Abuja, àìsàn kì í mọ́lẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Ẹni 60 ọdún ni. Àwọn dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní àìsàn ọkàn ni, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò sì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ilé rẹ̀ n'Íkẹjà ni wọ́n sin ín sí.

Lónìí, orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré tó wà ní Kútọ̀, ó wà lára ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe tó wà l'Ójèrè, ó sì wà lára pápá ìṣeré ńlá ti Abuja láti 2019. Ní 2018, ìjọba Muhammadu Buhari fi oyè GCFR dá a lọ́lá, wọ́n sì sọ June 12 di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Concord Airlines kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni National Concord. Nigeria Airways pàápàá ti kógbá wọlé ní 2003. Oṣù kejì, ọdún 2025, ni Babangida tó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Abíọ́lá ló wọlé ìbò náà.