Henry Bergh, Alágbàwí Àwọn Ẹranko Ìgboro

Ìtàn Henry Bergh ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1813. Bàbá rẹ̀ lówó, iṣẹ́ kíkan ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe. Lọ́dún 1863, Ààrẹ Lincoln rán Bergh lọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Rọ́ṣíà. Ibẹ̀ ló ti rí ọkùnrin kan tó ń na ẹṣin rẹ̀ nínàkunà, ó sì ní kó dáwọ́ dúró. Nígbà tó ń padà bọ̀ wálé, ó yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ wo bí ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko níbẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1866, ó dá irú ẹ̀ sílẹ̀ ní New York, ASPCA ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àánú nìkan ò tó. Oṣù yẹn náà ni àwọn aṣòfin ṣe òfin tuntun lórí híhùwà ìkà sí ẹranko. Bergh fúnra rẹ̀ á dúró lójú títì, á dá ọkọ̀ tí ẹrù ti pọ̀ jù fún ẹṣin dúró. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ti ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn jù. Kò dá wọn lóhùn.

Lọ́dún 1874, wọ́n sọ fún un nípa ọmọbìnrin kan, Mary Ellen, tí wọ́n ń lù bí ẹni máa pa á nílé. Ó ràn án lọ́wọ́ títí ọ̀rọ̀ fi dé kóòtù, wọ́n sì gba ọmọ náà sílẹ̀. Látibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ nílùú náà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ajá ìgboro. Nítorí ìbẹ̀rù àrùn dìgbòlugi, ìjọba ìlú máa ń sanwó lórí ajá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá. Làwọn kan bá ń jí ajá onílé gbé! Inú àgò irin ni wọ́n ń kó àwọn ajá náà sí, wọ́n á wá rì wọ́n sódò. Bergh kú ní oṣù kẹta ọdún 1888, kò rójú òpin rẹ̀. Ọdún 1894 ni ìlú tó gbé iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ rẹ̀, owó ìwé àṣẹ tí àwọn tó lájá ń san ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ajá kan máa ń wá ṣa egungun jẹ lẹ́yìn ilé oúnjẹ wa, a sì máa ń sọ ọ́ lókò. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara ẹ̀ wò.