Agnes Marshall, Obìnrin Tí Ó Mú Áísìkiriìmù Wọ Ilé Ìdáná

Ní oṣù kìíní ọdún 1883, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì ju bí ọgbọ̀n ọdún lọ ra ilé-ẹ̀kọ́ ìdáná kan ní òpópónà Mortimer, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Agnes Bertha Marshall ni orúkọ rẹ̀. Àkókò tí ó ra ilé-ẹ̀kọ́ yìí yẹ fún àkíyèsí. Ṣáájú ìgbà náà, abẹ́ àṣẹ ọkọ ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ìní abilékọ sí. Ọjọ́ kìíní oṣù náà gan-an ni òfin titun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí ó fún obìnrin tí ó lọ́kọ láṣẹ láti ní dúkìá lórúkọ ara rẹ̀ kí ó sì máa fi í ṣòwò. Ìyáàfin Marshall kò fi ẹ̀tọ́ yìí falẹ̀ rárá.

Alfred ni orúkọ ọkọ rẹ̀, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n sì bí. Tọkọtaya ni wọ́n jọ ń bójú tó òwò náà, ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó ni ó wà lára ohun gbogbo tí wọ́n ń tà. Àwọn ìyá ilé ń wá kọ́ oúnjẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń dáná fún àwọn ọlọ́rọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń wá alásè yóò rí i gbà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìkòkò, ṣúgà lílọ̀ tàbí èròjà kọ́rì, a ó tà á fún un. Nínú àwọn ìwé tí ó kọ, bí ó bá ti ń ṣàlàyé oúnjẹ ni ó ń dárúkọ ọjà tirẹ̀ tí a ó fi sè é. Oníṣòwò paraku ni obìnrin yìí í ṣe.

Nígbà náà, áísìkiriìmù kì í ṣe ohun tí a ń ṣe nínú ilé kékeré. Yìnyín ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó o wá láti ilẹ̀ Norway, àwọn oníṣòwò bíi Carlo Gatti, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, a sì kó o pamọ́ sínú kòtò jíjìn lẹ́bàá King's Cross. Ìṣòro kejì ni wàhálà iṣẹ́ náà. Inú ìkòkò tóóró tí a rì sínú garawa yìnyín ni a ń da wàrà sí. A ó máa yí i, a ó sì máa ṣí i lóòrèkóòrè láti fi igi ha èyí tí ó ti dì mọ́ ara ìkòkò. Lóòótọ́, Nancy Johnson, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba ní ọdún 1843 lórí ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí, ṣùgbọ́n ìkòkò tirẹ̀ náà jinlẹ̀, yìnyín púpọ̀ ni a sì ní láti dì yí i ká.

Ní ọdún 1885, Ìyáàfin Marshall gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde. Ohun tí ó ṣe kò le lójú: ó sọ ìkòkò jíjìn di àwo fífẹ̀ tí kò jinlẹ̀. Abẹ́ àwo yìí nìkan ni a ń da yìnyín fífọ́ tí a pò mọ́ iyọ̀ sí. Iyọ̀ a máa mú kí yìnyín yọ́. Bí ó sì ti ń yọ́ ni ó ń fa ooru kúrò lára ohun tí ó bá wà nítòsí, títí tí òtútù náà yóò fi le ju ti yìnyín lásán lọ. Nítorí pé wàrà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ìdí àwo, kíá ni òtútù kàn án. Bí a bá ti ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, àwo ni ó ń yí. Abẹ̀bẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ dúró sójú kan, ó ń ha èyí tí ó dì kúrò nídìí àwo, ó sì ń pò ó pọ̀ kí ó má baà di òkúta. Ìpolówó rẹ̀ sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó.

Ní ọdún kan náà ni ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí áísìkiriìmù jáde. Ohun tí ó dára jù nínú ìwé náà ni pé kò gbàgbé ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ áísìkiriìmù. Ti olówó gba páìntì ọ̀rá wàrà kan (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò bíà ńlá kan), ìdámẹ́rin pọ́n-ùn ṣúgà àti pupa ẹyin mẹ́jọ. Nínú ti ìkejì, wàrà lásán rọ́pò ọ̀rá wàrà; nínú ti ìkẹta, odidi ẹyin méjì péré; nínú ti ìkẹrin kò sí ẹyin rárá, ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ ni a fi ń mú un ki. Ṣúgà kò yí padà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì nídìí. Ó kìlọ̀ pé bí ṣúgà bá pọ̀ jù, áísìkiriìmù kò ní dì. Bí ó bá sì kéré jù, yóò le bí òkúta. Òfin yìí kò tíì yí padà títí di òní.

Láti ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ó dá ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1886. Ó lọ káàkiri Birmingham, Manchester, Leeds àti Glasgow, ó ń dáná lórí pèpéle níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ó sanwó wọlé, bí ẹni pé eré orí ìtàgé ni. Ó dé Amẹ́ríkà pàápàá. Nínú ìwé oúnjẹ ńlá tí ó kọ ní ọdún 1888, ó ṣàlàyé bí a ti ń fi álímọ́ńdì ṣe ìwo kékeré tí ó ṣeé jẹ, tí a lè bu áísìkiriìmù sínú rẹ̀. Lára àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni èyí wà, ó sì jáde ní àkókò tí àwọn tí ń tà á lójú pópó ń bù ú sínú ife kékeré kan náà fún oníbàárà kan lẹ́yìn èkejì, tí àrùn sì ń tibẹ̀ ràn. Ní ọdún 1901, ó dábàá pé a lè fi afẹ́fẹ́ tí a sọ di omi ṣe áísìkiriìmù lójú àlejò lórí tábìlì. Ó ti pẹ́ tí ó ti kú kí àwọn alásè tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀.

Ní ọdún 1904 ó já bọ́ láti orí ẹṣin, ara rẹ̀ kò sì yá dáadáa mọ́. Ó kú ní Pinner, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù keje ọdún 1905. Nígbà tí ó yá, ilé ìtẹ̀wé kan ra ẹ̀tọ́ àwọn ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé yìí kan náà ni ó ń tẹ ìwé Ìyáàfin Beeton, èyí tí ó ti ń tà wàràwàrà. Kò sí ẹni tí ó tún polówó ti Marshall. Iná jó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé àdáni rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán láàárín àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ ní áísìkiriìmù ṣíṣe.

Àwọn tí ń ṣe ìwádìí oúnjẹ àtijọ́ ni wọ́n tún wú u jáde ní apá ìparí ọ̀rúndún ogún. Wọ́n rí díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tí kò tíì bàjẹ́, wọ́n da yìnyín àti iyọ̀ sí i, wọ́n sì yí i. Páìntì kan dì kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí a máa gba ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ fi àwo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ amúǹkandì mọ́jú.