Al-Biruni, Onímọ̀ Òṣùwọ̀n

Ó yẹ kí ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n jẹun bíi tèmi mọ Abu Rayhan al-Biruni. Ọdún 973 ni wọ́n bí i ní Khwarezm. Ní 1017 Sultan Mahmud ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn, ó sì mú un lọ sí Ghazna.

Al-Biruni ṣe ohun èlò kan tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò rọ omi kún un dé ojú ihò, yóò ju irin tó ti wọ̀n sí i, yóò sì wọn omi tó dà jáde. Ayédèrú kò lè sá fún un: wúrà tí wọ́n lú bàbà mọ́ máa ń ti omi púpọ̀ jù jáde.

Ó ṣírò ìwúwo mákúrì náà, irin tó ń ṣàn bí omi. Iye tó rí kò jìnnà sí èyí tí a mọ̀ lónìí: ìlọ́po 13.6 ìwúwo omi. Ìdí nìyí tí irin lásán fi ń léfòó lórí mákúrì, tí wúrà sì ń rì.

Ó kú ní nǹkan bí 1048. Ní 1643, ní Ítálì, wọ́n fi mákúrì wọn agbára afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ọgbọ́n Torricelli. Ó dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76 nínú gíláàsì. Ká ní omi ni, gíláàsì náà ì bá ga ju mítà 10 lọ. Ta ni ì bá gbé ìyẹn kiri?