Camilo Torres Restrepo

Camilo Torres Restrepo (3 Oṣù Kejì, 1929 – 15 Oṣù Kejì, 1966) jẹ́ àlùfáà ìjọ Kátólíìkì àti onímọ̀ àwùjọ, ọmọ orílẹ̀-èdè Kòlómbíà. A mọ̀ ọ́n jù lọ nítorí pé ó fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀, ó sì gbé ìbọn nítorí àwọn tálákà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Wọ́n bí i sí ìdílé ọlọ́lá ní Bogotá, olú-ìlú Kòlómbíà. Ó di àlùfáà ní ọdún 1954, lẹ́yìn náà ni ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ ní Yunifásítì Kátólíìkì ti Louvain ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. Nígbà tí ó padà dé, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ sílẹ̀ ní Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Kòlómbíà, ó sì jẹ́ àlùfáà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀.

Èrò rẹ̀ nípa ìwà ipá

Láti ọdún 1948, ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú Liberal àti Conservative ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ìgbèríko, àwọn àlùfáà kan sì gbè sẹ́yìn Conservative. Ní ọdún 1958, ẹgbẹ́ méjèèjì fohùn ṣọ̀kan láti máa gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù. Camilo ṣe ìwádìí lórí ìjà yìí. Ó gbà pé ìfẹ́ ọmọnìkejì tí kò bọ́ ebi kúrò lára tálákà kì í ṣe ìfẹ́ tòótọ́, àti pé bí àwọn alágbára bá kọ̀ láti fi àlàáfíà yọ̀ǹda ipò, ọwọ́ wọn ni ẹ̀bi ìwà ipá wà.

Ní ọdún 1965, ó dá ẹgbẹ́ Frente Unido àti ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. Kádínà Luis Concha Córdoba takò ó, Camilo sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tú òun sílẹ̀ nínú iṣẹ́ àlùfáà. Ó dá Mísà dúró, ó ní ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ bá arákùnrin rẹ̀ làjà kí ó tó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ.

Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Ó darapọ̀ mọ́ ELN, ẹgbẹ́ àwọn ajàjàgbara inú igbó. Ìjà àkọ́kọ́ tí ó jà ni ó kú sí, ní Patio Cemento, ní ẹkùn Santander. Ìkọ̀kọ̀ ni àwọn ológun sin ín sí.

Ní ọdún 1968, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Látìn Amẹ́ríkà pàdé ní Medellín. Wọ́n gbà pé ìrẹ́jẹ tí ó ti di ètò ìlú jẹ́ ìwà ipá, ṣùgbọ́n ọ̀nà àlàáfíà ni wọ́n yàn. Manuel Pérez, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Spéìn, ní tirẹ̀ tọ ipa Camilo, ó sì darí ELN títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní ọdún 1998. Lábẹ́ rẹ̀, ní ọdún 1989, ẹgbẹ́ náà pa Jesús Emilio Jaramillo, bíṣọ́ọ̀bù Arauca, ẹni tí Póòpù Francis kéde ní Ẹni Ìbùkún ní ọdún 2017.